Ọmọ Ìyá Mi Tó Wà Létí Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí, kì í rò ó kó tó dáhùn. "Mẹ́rin ni. Mẹ́ta ń bẹ lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan ń bẹ létí òkun." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, á sì máa bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀gẹ́ ló ń bó, ìbáà jẹ́ irun ló ń dì fún ọ̀kan nínú wa. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò á ní, "Háà, ẹ kú oríire o! Èyí tó wà létí òkun yẹn, iṣẹ́ epo ni á máa ṣe." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín. Èmi ni inú á máa bí. Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tó tẹ̀ lé mi gan-an, ni ìyá mi ń wí. Ọmọ náà sì ti kú kí n tó wọ ilé ìwé girama. Etí òkun tó ń pè yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Mi ò rò pé ilé mìíràn wà ní gbogbo Ùsì-Èkìtì tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn tó bí a ṣe ń pè é nílé wa. Àgbẹ̀ ni wá. Omi tó tóbi jù tí a mọ̀ ni odò tí ènìyàn lè ká aṣọ sókè kó sì fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àwọn ará àdúgbò bá ní ẹnìkan ti lọ sétí òkun, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé onítọ̀hún ti lọ jìnnà, kí ẹ má ṣe retí rẹ̀ nítòsí. Ní ilé ìwé, tíṣà tó kọ́ wa ní jọ́gíráfì ní ìlú etí òkun ni ibi tí ilẹ̀ parí sí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára pátákó, ó ní òkè ìlà yìí ilẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ ìlà yìí omi ni, ó tán. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní í gba tíṣà gbọ́?

Rédíò náà máa ń pè é. Bí wọ́n bá ka ìròyìn tán, wọ́n á sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, wọ́n á ní òjò yóò rọ̀ ní àwọn ìlú etí òkun. Ẹ wò ó, bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ mí o! Ìyá mi á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Bí wọ́n bá sọ pé òjò ń bọ̀, á mi orí, á ní, "Òjò tún ń bọ̀ wá pa á." Àwọn àbúrò mi tó kéré máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, mo mọ ẹni tó ń wí.

Bàbá mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé wá bá wa. Dìsípẹ́ńsà ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, nígbà tí àwa àti àwọn ará Oǹdó ṣì jọ ń jẹ́ ìpínlẹ̀ kan náà. Ìjọba gbé e lọ sí ìlú àwọn apẹja kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń pín oògùn níbẹ̀. Kérésì àti Ọdún Àjíǹde la máa ń rí i. Bó bá dé, ẹja yíyan ni àpò rẹ̀ máa ń rùn títí tí yóò fi padà lọ. Nígbà tí àbúrò mi tó ẹni tí ń lọ sílé ìwé, bàbá mi ní òun máa mú un dání, pé ọmọ ọkùnrin gbọ́dọ̀ mọ bàbá rẹ̀. Ìyá mi di ẹrù ọmọ, ó sìn wọ́n dé gáréèjì, inú rẹ̀ sì dùn. Ọmọ kò lò tó ọdún méjì níbẹ̀ tí onígbáméjì fi wọ ìlú náà. Bàbá tó ń fún gbogbo ayé ní oògùn, ọmọ tirẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe òun ló sọ fún ìyá mi. Nígbà tó dé láti ọ̀hún, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà lọ, ó sì jókòó sínú yàrá. Àwọn àgbà ló wá bá ìyá mi láàárọ̀, wọ́n ti gbé ìjókòó kí wọ́n tó là á yé e. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá mi pariwo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ẹni tí kò bá mọ àṣà wa lè máa rò pé àwọn ènìyàn burúkú ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbi tí a ti wá, òbí kì í sin ọmọ. Bí ọmọ bá kú lójú òbí, àwọn ẹlòmíràn ní í gbé e lọ, wọ́n á ní kí bàbá àti ìyá kẹ̀yìn sí wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní í fi ojú oórì náà hàn wọ́n láéláé. A kì í bèèrè, a kì í tọ́ka. Wọ́n gbà pé òbí tó bá fi ojú rẹ̀ rí ibẹ̀ ti la ọ̀nà fún àwọn ọmọ tó kù. Wọ́n ṣe é kí òbí lè gbàgbé, kó gbájú mọ́ èyí tó wà láàyè. Ó dára, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé òbí ń gbàgbé? Ìyá mi kò sunkún mọ́ nítorí wọ́n kọ̀ fún un. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ òun ń bẹ létí òkun ni, kò sì sí àgbà tó lè sọ pé irọ́ ló ń pa.

Lójú rẹ̀, etí òkun dà bí etí odò tiwa. Ó ti rí etí odò, ó mọ̀ pé kókò máa ń hù síbẹ̀, pé igi máa ń ṣíji bò ó, pé òkúta tí àwọn ìyá ìyá wa ti ń fọ aṣọ lórí rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ di òní. Nígbà mìíràn tí a bá ń fọ aṣọ lódò, á dáwọ́ dúró, á ní, "Ibẹ̀ á tutù báyìí." Ó fi ọkàn balẹ̀ pé ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ òun sí, ibẹ̀ ni yóò máa wà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa, àwa ará òkè, tó mọ̀ pé etí omi lè ṣí kúrò níbi tó wà.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì máa bọ̀ nílé. Bàbá mi kó ẹrù rẹ̀ dé. Wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Ọ̀yẹ́, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó padà wá bá wa kì í sọ̀rọ̀. Á jókòó síwájú ilé, á máa tún rédíò tí kò bàjẹ́ ṣe. Mo ṣàkíyèsí ohun kan nígbà náà tí mi ò rí ìtumọ̀ sí: gbogbo wa nínú ilé là ń sọ pé etí òkun, òun nìkan ni kò ń pè é. Bó bá di dandan kó mẹ́nu bà á, á ní, "ọ̀hún."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wàhálà dé. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìdó nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo wà nílé lọ́jọ́ náà, èmi àti ìyá mi jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Wọ́n ní òkun ti ya wọ àwọn ìlú kan létí òkun Oǹdó, ó ti gbé ilé, ó ti gbé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ké sí ìjọba pé itẹ́ òkú àtijọ́ àwọn ti ń bá omi lọ. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

"Bàbá wọn, ṣé ìlú yẹn ni?"

Bàbá mi pa rédíò. "Òun ni."

"Itẹ́ òkú tí wọ́n wí yẹn ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni bàbá mi wí. Ó dìde, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò fún ẹnikẹ́ni nísinmi mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí wọ́n lọ hú ìwọ̀nba tó bá kù nínú ọmọ òun, kí wọ́n gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ùsì, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kó wá ulé," ló ń sọ. Bí a ṣe ń pe ilé nìyẹn lọ́dọ̀ wa. "Mi ò ní kí wọ́n jí i dìde fún mi. Kó ṣá wá ulé." Tó bá jí, òun ló máa wí. Tó bá tinú ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, òun ló máa wí. Fíkà wa ní kó fi lé Olúwa lọ́wọ́. Ìyá mi ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí Fíkà bá òun bi Olúwa bóyá Ó mọ̀ pé omi ti ń dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sáré dé nígbà tó gbọ́. Obìnrin yẹn, bó bá ń bọ̀, adìyẹ àdúgbò pàápàá á yà fún un. "Èèwọ̀!" Kò tíì jókòó. "Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ṣé mẹ́ta tó kù ti sú ọ ni?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún un. Ọkọ ló ń pè é, bí gbogbo ìyàwó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, ìbáà jẹ́ obìnrin. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ọmọ yín tó wà ní Ìbàdàn, bó bá wù yín kẹ́ ẹ rí i, ẹ máa ń wọ mọ́tò. Èmi náà fẹ́ wọ mọ́tò."

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́! Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn." Ó mú àdá, ó gba ọ̀nà oko lọ. Inú bí mi gan-an. Mo ní lọ́kàn mi pé irú bàbá wo rèé? Omi fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, ó ń lọ roko.

Bí a ṣe lọ nìyẹn, èmi àti ìyá mi, a ò sì sá fún ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ funfun tuntun kan àti ẹní kékeré sínú báàgì, ó wé gèlè rẹ̀, ó ní àkọ́bí òun ló máa sin òun lọ. A wọkọ̀ dé Adó, a wọ òmíràn dé Àkúrẹ́, láti ibẹ̀ a gba Òkìtìpupa dé Igbókòdá, níbi tí títì ti parí tí ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Gbogbo omi tí a bá dé ló ń béèrè, "Ṣé etí òkun rèé?" Ọlọ́kọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, odò lásán nìyí. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ò ní í bi ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ ló sọ. A kò tíì rí i tí a ti ń gbọ́ ọ, ó ń hó bí ọjà tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Orí pákó ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé ìlú náà sí, pákó la sì ń rìn lórí rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. A béèrè ibi tí dìsípẹ́ńsárì wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mú wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan tó ń yan ẹja. Òun ni bàbá mi gbé ilé rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí a sọ ẹni tí a jẹ́, ó gbá ìyá mi mọ́ra tòun ti ọwọ́ ẹja. "Ìyàwó Dìsípẹ́ńsà! Ọkọ yín ńkọ́? Ara rẹ̀ le? Ẹni ire ni o, ẹni ire ni." Ó wá wo ojú ìyá mi dáadáa, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó gbé wa wá.

Ó mú wa rìn dé ibi tí afárá pákó náà ti ṣẹ́. Ìyá mi béèrè ibi tí itẹ́ òkú wà. Ìyá onílé náà na ọwọ́ síwájú, sójú omi. Ọkọ̀ apẹja kan wà lọ́hùn-ún, àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ń fa àwọ̀n, wọ́n kéré lójú wa.

"Ẹ rí ọkọ̀ yẹn? Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Itẹ́ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa."

Ìyá mi wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Etí rẹ̀ wá dà?"

"Etí òkun? Ibi tí a dúró sí yìí ni etí rẹ̀ lónìí. Tó bá yá, ẹ̀yìn ibi tí mo ti ń yan ẹja ni yóò wà. Àwa kì í sọ pé a mọ etí òkun, ìyàwó wa. Ibi tó bá wù ú ló ń gbé e sí."

Ẹnu tíṣà mi ni mo rántí, tòun ti ìlà tó fà, inú sì bí mi sí òun náà. Ìyá onílé wá sọ èyí tó kù, ó sì rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó rò pé a ti mọ̀. Ó ní òkun kò ṣàdédé dé ibẹ̀, wọ́n ti rí i tó ń bọ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò ní í yéé bọ̀, olúkúlùkù ìdílé hú òkú tirẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí òdìkejì ìlú. Dìsípẹ́ńsà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Wọ́n lọ pè é pé kó wá fi ibi tí ọmọ rẹ̀ wà hàn wọ́n, kí wọ́n bá a hú u. Nínú àwọn ọkùnrin tó sin ọmọ náà nígbà onígbáméjì, ọ̀kan ti kú, àwọn tó kù ti kó lọ pẹja ní Kamẹrúùnù.

"Ó ní nílẹ̀ yín, bàbá kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Oórì kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ò lámì. Ǹjẹ́ a lè gbé ọmọ ọlọ́mọ fún un? Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò wá títí a fi ṣe tán. Òun nìkan ni kò gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀."

Háà! Mo fi gbogbo ẹnu mi bú bàbá mi lọ́jọ́ náà, lójú àlejò. Mo ní ó dúró, ó káwọ́ gbera, ó ń wo àwọn ọlọ́mọ tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn! Ìyá onílé ní kí n má wí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ìyá mi bu iyanrìn díẹ̀ dání lọ sílé, pé àwọn mìíràn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó bù ú sọ́wọ́. Ó wá béèrè bóyá iyanrìn yẹn ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ọmọ òun. Ìyá onílé kò fẹ́ purọ́ fún un. Ó ní rárá, òkun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Ìyá mi dà á sílẹ̀, ó fọ ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ ọmọ náà. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó pè é sójú omi bí ẹni ń pe ọmọ tó lọ ṣeré jìnnà pé oúnjẹ ti délẹ̀, ó sì ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ apẹja yíjú wò wá. Mo dì í mú nítorí ẹ̀rù bà mí pé yóò kó sómi. Mo sunkún gidi lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́ tán yẹn.

Nígbà tí a padà dé Ùsì lọ́jọ́ kejì, oòrùn kò tíì wọ̀, bàbá mi wà níwájú ilé. Ó rí wa, ó dìde dúró. Mi ò kí i. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n mi ò kí i.

"Wọ́n pè yín!" ni mo wí. "Wọ́n wá pè yín pé kẹ́ ẹ wá fi hàn wọ́n, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n!"

"Dákẹ́," ni ìyá mi wí. Ó sọ báàgì kalẹ̀. Aṣọ funfun náà ṣì wà nínú rẹ̀ bó ṣe ká a. Ó jókòó sórí àpótí tó kọjú sí bàbá mi. "Bàbá wọn, mo ti débẹ̀. Omi ti gbé e. Wọ́n ní ẹ ò mọ ibẹ̀."

Bàbá mi jókòó padà. Mo ti fẹ́ wọlé lọ nígbà tó ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Kò wò wá. Ó ní wọ́n sọ fún òun lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ lọ pé kí òun kọjú sí ògiri dìsípẹ́ńsárì. Òun sì kọjú sí i. Nígbà tí òun gbọ́ ìró ṣọ́bìrì, òun kò mọ ìgbà tí òun yíjú padà. Òun rí ibi tí wọ́n gbẹ́, ní ìdí igi àgbọn kan tó tẹ̀ sí ọ̀nà òkun. Láti ọjọ́ náà, bí òun bá ti ti ilẹ̀kùn dìsípẹ́ńsárì, ibẹ̀ ni òun ń gbà lọ. Òun á dúró díẹ̀, òun á sọ fún un pé àwọn ará ilé ń kí i.

"Ojoojúmọ́?" Ìyá mi kò sọ ọ́ sókè.

"Ojoojúmọ́."

"Kí ni wọ́n fi wé e?"

"Kóòtù iṣẹ́ mi. Èyí funfun. Mo ní kí wọ́n fi wé e."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàbá mi. "Ẹ mọ ibẹ̀," ló wí. "Ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ ohun tó wọ̀, ẹ sì jẹ́ kí omi gbé e. Kí ló dé?"

Bàbá mi ní nígbà tí àwọn ará ìlú wá pe òun, iṣẹ́ tí ìyá mi rán láti ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òun ni, pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ní Ìdó, àti pé wọn ò mọ̀ bóyá yóò yè. Òun ti fi ojú òun rí oórì ọmọ kan. Bí òun bá tún na ọwọ́, tí òun tọ́ka sí i, tí wọ́n sì hú u lójú òun, òun kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìkejì. "Mo mọ oògùn," ló wí. "Mo mọ̀ pé kòkòrò ló ń fa àìsàn. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé. Mo ní èyí tó wà nínú ilẹ̀ ti kú, kí n má fi í pa èyí tó kù."

Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo rántí ọdún yẹn. Táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fá orí mi, ìyá mi ń sùn sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí ara mi sì yá, gbogbo ilé dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá mi náà rántí. Ó yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì wò mí títí. Gbogbo ìbínú tí mo gbé bọ̀ láti etí òkun tú kúrò lára mi, ẹ̀rù ló kù. Mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló ń wò, èmi ni tàbí àbúrò mi tí omi gbé.